Àgádágodo Méjì Lórí Bónẹ́ẹ̀tì Bàbá

Nígbà tí olè kọ́kọ́ jí bátìrì Pijó Bàbá Charles, Olújìmí rẹ́rìn-ín. Ó ní kò burú, olè náà mọ ohun tó dára. Ìgbà tí wọ́n jí ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀. Ó dúró síwájú ilé wọn ní Òpópónà Abẹ́òkúta ní Sabon Gari, ó ń wo bónẹ́ẹ̀tì tó ṣí sílẹ̀ gbayawu àti àwọn wáyà tí wọ́n gé kù, kò sì rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tó lè gba ohun tó wà nínú rẹ̀. "Haba!" ló sọ, bí gbogbo ọmọ Kano ti ń sọ tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára wọn.

Pijó 504 ni ọkọ̀ náà, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wàrà pọ̀ nínú rẹ̀. Bàbá Charles, bàbá Olújìmí, tó ṣe akọ̀wé ní téṣàn rélùwéè títí irun orí rẹ̀ fi funfun, ló rà á ní tuntun. Ó tọ́jú rẹ̀ débi pé ìyàwó rẹ̀, Màmá Alice, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé tó bá wù ú, kó gbé ọkọ̀ náà wọ yàrá, kí òun lọ máa sùn síta. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbá ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń tì í, bí ẹni ń pa Bíbélì dé. Nígbà tí ikú bàbá náà sún mọ́lé, ó ní, "Ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin méjèèjì ni mo fi í sílẹ̀ fún." Ẹni tó bá fi ọkọ̀ kan sílẹ̀ fún ọmọ méjì, ìjà ló fi sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ ìyẹn létí ẹni tó ń lọ síbi tí àgbà ń rè?

Ọmọ méjèèjì náà nìyí. Ọmọ́ṣọlá ni ẹ̀gbọ́n. Ilé ọkọ rẹ̀ kò jìnnà, ó ń ta léèsì ní ọjà Kantin Kwari, ó sì mọ èdè Hausa fi ná ọjà débi tí Hausa gan-an á máa bi í pé àdúgbò wo ni wọ́n bí i sí. Olújìmí ni àbúrò. Òun ló ń bá Màmá gbé nínú ilé bàbá wọn, ó ń ta ìwé àti bírò fún àwọn ọmọ ilé-ìwé nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé náà. Kò mọ ọjà ná rárá, àmọ́ tó bá ti di nǹkan mú, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ yìí ló sì dì mú.

Ọmọ́ṣọlá fẹ́ tà á. Ó ní ọkùnrin kan wà l'Ábújá, Báyọ̀ lorúkọ rẹ̀, tó ń kó ọkọ̀ àtijọ́ jọ, tó sì ti rí fọ́tò Pijó náà, tí kò jẹ́ kí òun gbádùn mọ́ lórí fóònù. "Ọkọ̀ tí ẹ kì í gùn ju ọjọ́ Sunday lọ, kí ló wà fún? Irin lẹ̀ ń ṣọ́!" Olújìmí ní òun ò tà. Tó bá ti jókòó sídìí sítíárì yẹn, tí Màmá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú fìlà ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó máa ń ṣe é bíi pé bàbá rẹ̀ kò tíì lọ jìnnà. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin tó ti ń hu ewú kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé àárò bàbá òun ṣì ń sọ òun.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ nìyí. Nígbà tí bátìrì kejì lọ, Ọmọ́ṣọlá sọ lójú àwọn ìyá ìjọ pé, "Olè ilé ni. Ẹ bi Jìmí ibi tó gbé bátìrì tà sí." Ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ dé etí ní Sabon Gari. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Olújìmí ti gbọ́, òun náà sì ti fèsì pé Àǹtí òun ló ń rán olè sí ọkọ̀ náà, kí ó lè sú òun, kí òun lè gbà kí wọ́n tà á. Láti ọjọ́ náà, wọn ò kí ara wọn mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan á jókòó lápá ọ̀tún, ìkejì lápá òsì, Màmá á wà láàárín, á máa yí ọrùn síhìn-ín sọ́hùn-ún títí ọrùn náà á fi máa dùn ún.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Màmá ránṣẹ́ pe àwọn méjèèjì, ó jókòó lé àga onírọ̀gbọ̀kú bàbá wọn, èyí tí kì í sábà jókòó lé.

Ó ní, "Báwo ni bàbá yín ṣe ń ti àpótí owó ní téṣàn?"

Àwọn méjèèjì mọ̀ ọ́n. Ìtàn tí wọ́n fi wò wọ́n dàgbà ni. Àpótí irin náà ní ihò kọ́kọ́rọ́ méjì. Ọ̀gá téṣàn mú kọ́kọ́rọ́ kan, Bàbá Charles mú ìkejì, kò sì sí bí ẹnì kan ṣe lè dá ṣí i. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀, kí olúkúlùkù yí tirẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i," Màmá sọ, "bàbá yín àti ọ̀gá téṣàn yẹn ò fẹ́ràn ara wọn. Wọn ò jọ jẹun rí. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan nínú wọn ò pe ẹnì kejì lólè rí, torí tí nǹkan bá sọnù nínú àpótí, àwọn méjèèjì ló sọ ọ́ nù. Ẹ lọ ti bónẹ́ẹ̀tì bàbá yín bẹ́ẹ̀."

Ọmọ́ṣọlá wo àjà, ó ní, "Ó dáa, Màmá. Àmọ́ ẹ jẹ́ ẹlẹ́rìí o. Tí olè bá fi lè tún fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì yẹn, a ó tà á."

"Mo gbà," ni Olújìmí wí. Àyà rẹ̀ já bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí ó mọ Sabon Gari, ó sì mọ bónẹ́ẹ̀tì náà. Wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé débi pé ẹnu géètì kò gba ọkọ̀ mọ́, ìta ló ń sùn. Ìdè bónẹ́ẹ̀tì náà sì ti gbó. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ń gbé lù ú, ẹ̀ṣẹ́ kan péré, ó ti ṣí.

Seth jórinjórin, tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé wọn, ló bá wọn ṣe é. Ará gúúsù Kaduna ni, kò gbọ́ Yorùbá ju "ẹ káàárọ̀" àti "owó dà" lọ. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan tó gùn dé ìhà méjèèjì, ó tẹ̀ ẹ́ kó lè bá ikùn bónẹ́ẹ̀tì náà mu, ó sì jó etí irin kan mọ́ ìsàlẹ̀ lápá òsì, òmíràn lápá ọ̀tún, níbi tí ojú kò ti ní í rí i. Olújìmí ní òun ò gba kí irin ha ọ̀dà bàbá òun. Seth bá gé tíúbù táyà àtijọ́, ó fi wé irin náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó parí, ó gbá ọwọ́ pọ̀.

"Oga Jìmí, barawo wey see dis one go just greet am, pass."

Barawo ni olè lédè Hausa, gbogbo àdúgbò ló sì ń lo ọ̀rọ̀ náà, torí pé olè ò ní èdè.

Olúkúlùkù ló lọ ra àgádágodo tirẹ̀. Ti Ọmọ́ṣọlá wúwo, ó dúdú, kò lẹ́wà. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ̀ lọ́jà ló ti rà á, lẹ́yìn tó ti bá a jà dáadáa. Ti Olújìmí ń dán gbinrin. Ọmọ kiri kan ló tà á fún un níwájú ṣọ́ọ̀bù, iye tí onítọ̀hún pè ló sì san. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó, ó ṣí ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ti apá ọ̀tún, àbúrò ti apá òsì, wọ́n tú ká.

Wàyí o, àwọn ọmọ rélùwéè yìí gbàgbé ohun kan. Àpótí owó téṣàn kì í mu omi. Pijó ń mu. Rédíétọ̀ rẹ̀ ń jò láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tan ẹ́ńjìnnì náà láìkọ́kọ́ bomi sí i. Bẹ́ẹ̀ Olújìmí gbọ́dọ̀ máa tàn án láràárọ̀, kí bátìrì tuntun má baà kú. Bí ilẹ̀ ti mọ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi jáde, ó ṣí àgádágodo tirẹ̀, ìgbà náà ni ojú rẹ̀ tó là. Ó tẹ fóònù pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀ o. Omi ọkọ̀ ni."

"Ṣé èmi ni mo ń pọn omi níbẹ̀ ni?"

"Rárá o. Kọ́kọ́rọ́ yín ni."

Nígbà tó yá, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ará Kano ń pè ní adaidaita sahu já Ọmọ́ṣọlá sílẹ̀, ó ti múra ọjà, ojú rẹ̀ le. Ó ṣí tirẹ̀. Ó ń wo ojú ọ̀run títí àbúrò rẹ̀ fi bomi tán. Ó tì í, ó padà sínú kẹ̀kẹ́. Báyẹn ni wọ́n ṣe é lọ́jọ́ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́jọ́ kẹta, ọyẹ́ ń fẹ́, eruku bo gbogbo ilẹ̀, àwọn méjèèjì ń húkọ́, kò sì sí ẹni tó ní "pẹ̀lẹ́" fún ẹnì kejì.

Mẹkáníìkì ní òun lè bá wọn wá rédíétọ̀ mìíràn. Màmá ní kí wọ́n ṣì fi í sílẹ̀ ná, pé kò sí kánjúkánjú. Olújìmí rò pé Màmá ń ṣọ́ owó ná. Ọmọ tó bá rò pé òun mọ inú ìyá òun, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá a dákẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwo jáde láràárọ̀, kòkó gbígbóná àti kosai, àkàrà tí àwọn obìnrin Hausa ń dín ní ìkángun òpópónà. Ọmọ́ṣọlá ní òun ò jókòó, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Nígbà tí ó tún dé, ó fi ìdí lé àga díẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ó gba kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀.

"Fi sílẹ̀ jàre! Ṣé báyìí ni Bàbá ṣe ń bomi sí i? Díẹ̀díẹ̀, kí atẹ́gùn inú rẹ̀ lè jáde."

"Bàbá á tún máa kọ orin lé e," ni Olújìmí wí, láìmọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ohùn burúkú yẹn!" Ọmọ́ṣọlá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà sí i lẹ́sẹ̀, Olújìmí náà ń rẹ́rìn-ín, Màmá sì ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé, kò jẹ́ kí wọ́n rí òun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jókòó sórí ibùsùn, ó sunkún díẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni Ọmọ́ṣọlá wá sọ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, tó ju èje lọ. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, ó ní, "Jìmí, ìwọ, tó o bá rí ọkọ̀ yìí, Bàbá tó ń wà á lo máa ń rí. Èmi kọ́. Ọjọ́ tá a gbé e lọ sílé ìwòsàn, ìwọ lò ń wa ọkọ̀, ojú títì lò ń wò. Èmi ni mo wà lẹ́yìn. Orí itan mi ni orí rẹ̀ wà. Èmi ni mo mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Mi ò sọ fún ẹ, torí o ṣì ń wakọ̀ lọ."

Olújìmí ò mọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ó ti rò pé ilé ìwòsàn ni bàbá wọn kú sí. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń dá gbé."

"Bomi sí i, ọjà ń lọ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, ó fi etí gèlè nu ojú.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, à bá ní kò burú. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, tí gbogbo ilé rìn lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì, olè dé. Nígbà tí Olújìmí padà, oòrùn kò tíì wọ̀ tán, ó sì rí àgádágodo rẹ̀ tó ń dán gbinrin nílẹ̀, wọ́n ti gé e sí méjì. Wọ́n ti fa irin náà lápá òsì, wọ́n ti tẹ etí bónẹ́ẹ̀tì sókè díẹ̀. Apá ọ̀tún ni kò mì. Àgádágodo dúdú Ọmọ́ṣọlá wà níbẹ̀, àpá ayùn kéékèèké lára rẹ̀, kò já. Bátìrì ṣì wà nínú ọkọ̀.

Seth wá wò ó, ó mi orí. "Na your own fine-fine padlock fall your hand. Dis black one, barawo don sweat for am, he leave am."

Ìtìjú mú Olújìmí. Kì í ṣe olè ló dun ún tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú Màmá ló dun ún: tí olè bá tún fọwọ́ kan bónẹ́ẹ̀tì yẹn. Olè ti fọwọ́ kàn án, àgádágodo tí òun rà ló sì jẹ́ kó rí àyè.

Nígbà tí Ọmọ́ṣọlá dé láàárọ̀, ó yí ọkọ̀ náà po. Ó fọwọ́ kan ibi tí wọ́n tẹ̀.

"Wọn ò rí nǹkan mú, Àǹtí," ni Olújìmí wí.

"Mo rí i." Kò gbé ojú sókè. "Báyọ̀ pè mí lánàá. Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé wá wò ó."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Kò tilẹ̀ rántí omi. Olújìmí dúró pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́, kò pè é padà, kí ló fẹ́ sọ? Ọmọ ọkùnrin kì í kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ. Láti ọjọ́ náà títí di Sátidé, kò jẹun dáadáa, ó sì ń fi aṣọ nu ọkọ̀ náà láràárọ̀, bí ẹni ń múra òkú.

Báyọ̀ dé, èèyàn dáadáa sì ni. Ìyẹn gan-an ló tún burú, torí Olújìmí ti múra láti kórìíra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun lórí eruku. Ó yí ọkọ̀ náà po láìsọ̀rọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sì tì í jẹ́jẹ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ. Ó ní, "Ẹni tó ni ọkọ̀ yìí fẹ́ràn rẹ̀ o." Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ jẹ́ n rí ẹ́ńjìnnì rẹ̀."

Apá òsì kò ní àgádágodo mọ́. Gbogbo ojú kọ sí Ọmọ́ṣọlá.

Ó ṣí báàgì rẹ̀. Ó kó áńkáṣíìfù jáde, ó kó ìwé orin jáde, ó kó okùn tí wọ́n fi ń wọn aṣọ jáde, ó gbé gbogbo rẹ̀ lé orí ọkọ̀. Ó tú báàgì náà títí dé ìsàlẹ̀.

"Mi ò rí kọ́kọ́rọ́ mi," ló wí.

"Ẹ fara balẹ̀ wá a, mà," ni Báyọ̀ wí.

"Mo ti wá a. Ó ti sọnù."

Báyọ̀ wo Seth, tó ti wá dúró sí ẹnu ọ̀nà láti wòran. "Kò sí wàhálà. Ṣebí jórinjórin nìyí. Ẹ jẹ́ ó gé e, màá ra òmíràn fún yín."

"Gé kí ni?" Ohùn Kantin Kwari ló fi sọ ọ́, ohùn tí ó fi ń lé àwọn tó bá pe léèsì rẹ̀ ní ayédèrú. "Haba! Kí iná ta sára ọ̀dà bàbá mi? Kò sẹ́ni tó máa gé nǹkan kan níbí!"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n wá, mà."

"Èmi ni. Èmi náà ni mo wá ń sọ fún yín pé kọ́kọ́rọ́ ti sọnù. Ọkọ̀ tí wọn ò lè ṣí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n máa ń tà á ni?"

Ìgbà yẹn ni Olújìmí rí i. Ìka ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ náà wà, ó fi òrùka rẹ̀ há ìka. Ọwọ́ yẹn gan-an ló fi ń tú báàgì láti àárọ̀. Báyọ̀ náà ti rí i. Seth ti rí i. Màmá, tí ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, rí i láti orí àga rẹ̀. Olújìmí di ẹnu mú, ó ń wo ilẹ̀, torí tó bá gbójú sókè, igbe ni yóò bú.

Báyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbọn eruku ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Tẹ́ ẹ bá rí i, mà, ẹ pè mí. Tẹ́ ò bá sì rí i, ẹ bá mi máa tọ́jú ọkọ̀ náà." Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá, ó lọ.

Wọ́n dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ fi yà sí France Road. Ọmọ́ṣọlá ń kó ẹrù rẹ̀ padà sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó lọ síbi àgádágodo dúdú náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbìyànjú láti ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́. Ó ṣì í. Ó tún gbìyànjú, ó tún ṣì í, omijé ti kún ojú rẹ̀. Ó wá dìde, ó yọ òrùka kọ́kọ́rọ́ náà kúrò ní ìka, ó sì nà án sí àbúrò rẹ̀.

"Gbà, ìwọ ṣí i. Ọkọ̀ náà ò tíì mu omi láti ọjọ́ wo."

Olújìmí gbà á. Ó ti gbóná lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣí àgádágodo náà, ó gbé irin kúrò, ó gbé bónẹ́ẹ̀tì sókè, Ọmọ́ṣọlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í da omi, díẹ̀díẹ̀, ó ń kọ orin lábẹ́lẹ̀. Nígbà tí rédíétọ̀ kún, tí wọ́n tì í padà, Olújìmí dúró pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kò mọ ohun tó yẹ kó ṣe sí i.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́.

"Kí lò ń wò? Mú un wá. Tó bá wà lọ́dọ̀ rẹ, kí ni màá wá máa wá ṣe níbí láràárọ̀?"